Ẹ̀rọ Aṣọ́dò àti Oúnjẹ Rẹ̀

Àwọn àgbà ní àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni wọ́n fi òwe yìí pa, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn ni ó bá mu. Ó bá olówó mu. Ó bá àgbẹ̀ tí ó ní láti fi èso pamọ́ de ọdún tí ń bọ̀ mu. Ó sì bá ẹ̀rọ kékeré kan tí a so mọ́ igi lẹ́bàá odò mu pẹ̀lú, ẹ̀rọ tí kò ní ẹnu tí yóò fi bẹ̀bẹ̀ bí oúnjẹ inú rẹ̀ bá tán. Ọ̀rọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Èrò tèmi nípa rẹ̀ kò gùn rárá. Kì í ṣe títóbi bátìrì ni ó ń mú kí ẹ̀rọ inú igbó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, bí kò ṣe mímọ ìgbà tí ó yẹ kí ó sùn àti ìgbà tí ó yẹ kí ó jí. Ẹni tí kò bá ì tíì ṣe ìṣirò oúnjẹ ẹ̀rọ rẹ̀, kò ì tíì yẹ ní ẹni tí í gbé ẹ̀rọ wọ inú igbó.

Ẹ lè bi mí pé, irú ẹ̀rọ wo nìyí? Ẹ̀rọ tí ń bá wa wo nǹkan níbi tí àwa fúnra wa kò lè dúró sí tọ̀sán tòru ni. Òmíràn ń wọn bí odò ti kún tó, òmíràn ń wọn òjò, òmíràn ń wọn ooru inú ilẹ̀ tàbí ọ̀rinrin inú àká tí a kó àgbàdo sí. Ohun tí ó bá rí ni ó ń kọ sílẹ̀ nínú ara rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí, títí ẹnì kan yóò fi wá kó àkọsílẹ̀ náà, tàbí kí ẹ̀rọ náà fi í ránṣẹ́ gba ojú afẹ́fẹ́ gẹ́gẹ́ bí tẹlifóònù alágbèéká ti ń ṣe. Ibi tí a sábà máa ń gbé e sí kò ní òpó iná mànàmáná, kò sì ní ilé nítòsí. Bátìrì ni oúnjẹ tí a dì fún un lọ sí oko. Bí ó bá jẹ ẹ́ tán, ó kú nìyẹn, kò sì ní sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ó ti kú.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi kí n tó máa kọ́ ẹlòmíràn. Odò kan wà lójú ọ̀nà tí àwọn kan nínú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa ń gbà wá láti abúlé wọn. Afárá pákó ni ó wà lórí rẹ̀. Ní ọdọọdún ni omi ń bo afárá náà mọ́lẹ̀, tí àwọn ọmọ ń pa ilé-ẹ̀kọ́ jẹ, tí ẹrù àwọn ìyá wọn sì ń rà sílé lọ́jọ́ ọjà. Àwọn ará abúlé bẹ̀bẹ̀ títí fún afárá gidi. Ìbéèrè ni wọ́n fi dá wọn lóhùn: báwo ni omi náà ti ń ga tó? Ẹ̀ẹ̀melòó ni ó ń bo afárá lọ́dún? Gbogbo ènìyàn ni ó mọ̀ pé omi ń kún, ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kan tí ó lè fi iye dáhùn.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ físíìsì sọ pé òun lè rí ìdáhùn náà fún wọn. Ní oṣù Épírì, a gbé ẹ̀rọ aṣọ́dò kan lọ síbẹ̀. Ó fẹ́ kí ẹ̀rọ náà máa wo omi lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Èmi tí n kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ ni mo takú. Mo ní kí ó máa wò ó ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, nítorí mo rò pé olùṣọ́ tí ń wò léraléra ni olùṣọ́ rere. Mo tún ní kí iná pupa kékeré tí ó wà lójú rẹ̀ máa tàn tọ̀sán tòru, kí àwọn èrò ọ̀nà lè rí i pé ilé-ẹ̀kọ́ wa ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín, ó sì gbà fún mi nítorí pé mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí bátìrì fi tán. A pààrọ̀ rẹ̀. Ó tún tán, a tún pààrọ̀ rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ilé-ẹ̀kọ́ ń lọ lọ́wọ́, àwọn ọmọ ni ó ń bá wa ṣe é, kò sì sí ìyọnu. Ní ọjọ́ tí a fẹ́ gba ìsinmi gígùn, a fi bátìrì tuntun sí i, olúkúlùkù sì gba ilé bàbá rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n ìsinmi náà, òjò ńlá kan rọ̀ láti àṣálẹ́ mọ́jú. Odò kún, ó sì wọ́ afárá lọ. A dúpẹ́ pé kò sí ẹ̀mí tí ó bá a lọ. Nígbà tí a débẹ̀ tí a sì ṣí àpótí ẹ̀rọ náà, a rí i pé ọjọ́ kejìdínlógún ìsinmi ni ó ti kọ nǹkan kẹ́yìn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án kí omi tó dé ni olùṣọ́ wa ti kú.

Baba àgbẹ̀ kan mú wa lọ sí ìdí ọ̀pẹ kan, ó sì fi ojú ibi tí ó ti fi àdá ṣá a hàn wá. Ó ní, “Ẹ̀yin tíṣà, ibí ni omi dé. Ẹ wọ̀n ọ́n.” A wọ̀n ọ́n, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Baba. Ṣùgbọ́n Baba kò lè sọ wákàtí tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í kún, tàbí bí ó ti yára tó, nítorí pé lẹ́yìn tí ilẹ̀ mọ́ ni òun fúnra rẹ̀ tó débẹ̀. Àwọn tí a gbé ọ̀rọ̀ náà tọ̀ lọ sì sọ fún wa pé ojú àdá kan ṣoṣo lára ọ̀pẹ kò tó ẹ̀rí.

Nígbà tí ojú ti tì mí tán, mo bẹ ọ̀rẹ́ mi kí ó kọ́ mi ní ìṣirò náà. Kò le rárá; ẹ̀yin náà lè ṣe é. Áḿpíà ni a fi ń wọn bí iná mànàmáná ti ń ṣàn tó; bí a bá pín in sí ọ̀nà 1,000, ìpín kan ni a ń pè ní mílíáḿpíà. Bátìrì tí a lò lè pèsè mílíáḿpíà 1 fún wákàtí 2,400, tàbí mílíáḿpíà 2 fún wákàtí 1,200. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ. Nígbà tí ẹ̀rọ náà bá jí, tí ó ń wo omi tí ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀, mílíáḿpíà 20 ni ó ń jẹ. Nígbà tí ó bá sùn, ohun tí ó ń jẹ kò ju 0.005 mílíáḿpíà lọ.

Ó dára. Bí a bá ní kí ó má sùn rárá, 2,400 tí a fi 20 pín jẹ́ wákàtí 120, èyí tí í ṣe ọjọ́ 5 péré. Bí ó bá ń jí fún ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, tí ó sì ń sùn ní ìyókù, bátìrì náà yóò lò ju oṣù 9 lọ. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ó fi ń jí, ìṣirò fi hàn pé yóò lò ju ọdún 7 lọ. Bátìrì a máa gbó fúnra rẹ̀ láìṣe nǹkan kan, nítorí náà ọlọ́gbọ́n kì í fi ọkàn sí ọdún 7 yẹn. Ẹ gé e sí ìdajì. Ó ṣì ju ọdún 3 lọ. Láti ọjọ́ 5 dé ọdún 3! Bátìrì kan náà ni, ẹ̀rọ kan náà ni. Oorun nìkan ni ó fi ìyàtọ̀ sí i.

Iná pupa mi ńkọ́? Mílíáḿpíà 5 ni ó ń jẹ, kò sì sùn rí. Òun nìkan tó láti jẹ bátìrì náà tán ní ọjọ́ 20. Ẹ rò ó wò dáadáa. Wíwo omi ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ àṣejù, ìbá mú wa la òjò ọdún náà já. Iná tí kò wo omi, tí kò kọ̀wé, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ènìyàn rí i lọ, òun ni ó pa olùṣọ́ wa. Kí n má parọ́, fáàrí mi ni ó jẹ oúnjẹ ẹ̀rọ náà.

Bóyá ẹnì kan nínú yín yóò sọ pé ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí. Kí ó lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn ará Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 31 oṣù Ágọ́ọ̀sì ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya, ó wọ inú ilé onílé, ó sì pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn. Ní ọjọ́ 26 oṣù Ágọ́ọ̀sì ọdún 2011, omíyalé tún dé bá ìlú kan náà. Ẹ̀mí tún ṣòfò, àwọn afárá sì wó. Ẹ ṣàkíyèsí pé òpin oṣù Ágọ́ọ̀sì ni méjèèjì, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ wà ní ìsinmi. N kò sọ pé ẹ̀rọ kan lè dá omi dúró. Ṣùgbọ́n odò a máa kún ní òkè kí ó tó kún ní ìsàlẹ̀, wákàtí kan ṣoṣo sì tó fún ìyá láti gbé ọmọ rẹ̀ kúrò lójú omi. Ẹ̀rọ tí bátìrì rẹ̀ tán ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú kò lè fún un ní wákàtí náà. Èyí tí ó sì burú jù ni pé a ti gbọ́kàn lé e.

Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti fi ọgbọ́n oorun yìí ṣe iṣẹ́ tí ó ya ènìyàn lẹ́nu. Àwọn orílẹ̀-èdè púpọ̀ pawọ́ pọ̀, wọ́n ń ju àwọn ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní Argo sínú òkun. Nǹkan bí 4,000 irú wọn ni ó wà káàkiri òkun àgbáyé. Olúkúlùkù wọn a máa rì lọ sí ìsàlẹ̀ tó nǹkan bí mítà 1,000, a sì máa bá omi lọ níbẹ̀ jẹ́jẹ́. Ní ọjọ́ mẹ́wàá mẹ́wàá ni ó ń rì dé nǹkan bí mítà 2,000, tí ó sì ń gòkè padà, tí ó ń wọn ooru àti iyọ̀ inú omi bí ó ti ń bọ̀. Bí ó bá ti yọrí sókè, yóò fi ohun tí ó rí ránṣẹ́ sí sátẹ́láìtì, yóò sì tún rì padà. Ìwọ̀nba wákàtí ni ó fi ń ṣiṣẹ́ kára. Ìyókù ọjọ́ mẹ́wàá náà, ìsinmi ni. Nípa báyìí, ẹ̀rọ tí kò sí ẹni tí yóò wọ inú agbami lọ pààrọ̀ bátìrì fún lè ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún.

Ẹ sì wo Voyager 1, ọkọ̀ tí àwọn ará Amẹ́ríkà rán lọ sí ojú sánmà ní ọdún 1977. Kì í ṣe irú bátìrì tiwa ni ó ń lò, ṣùgbọ́n oúnjẹ tirẹ̀ náà ń dín kù lọ́dọọdún, kò sì sí ẹni tí yóò gbé òmíràn lé e lọ. Ní ọdún 1990, lẹ́yìn tí ó ti ya àwòrán ayé wa láti òkèèrè réré, wọ́n pa ojú tí ó fi ń ya àwòrán dé, kí àwọn ohun èlò yòókù lè pẹ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ rìn jìnnà ní láti mọ ohun tí yóò fi sílẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ta kò mí. Àwọn kan yóò ní, “Ẹ ra bátìrì tí ó tóbi, ọ̀rọ̀ tán.” Bátìrì ọkọ̀ ńlá lè bọ́ ẹ̀rọ oníwọra fún ìgbà díẹ̀, lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò rù ú la igbó kọjá, ta ni yóò sì ṣọ́ ọ lọ́wọ́ olè? Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Àwọn mìíràn yóò ní kí a lo sólà. N kò bá sólà ṣọ̀tá. Ní ibi tí ojú ọ̀run bá ti là, tí ènìyàn sì wà nítòsí, ó dára púpọ̀. Ẹgbẹ́ tí ń jẹ́ TAHMO, tí ó ní i lọ́kàn láti gbé ẹ̀rọ ìwọn ojú-ọjọ́ 20,000 kalẹ̀ ní Áfíríkà, ń lo sólà pẹ̀lú bátìrì, ó sì ń gbé púpọ̀ nínú wọn sí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n lábẹ́ igi ńlá inú igbó, níbi tí oòrùn kì í ti í tàn dé ilẹ̀, tí ewé ń já bò ó nígbà òjò, tí eruku ọyẹ́ sì ń bò ó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ni sólà yóò jẹ? Bí ẹ̀rọ bá sì jẹ́ oníwọra, sólà kò wo ìwọra rẹ̀ sàn.

Àwọn kẹta yóò ní kí a fi ènìyàn ṣọ́ odò. Èyí ni ó sún mọ́ òtítọ́ jù, nítorí pé ojú Baba àgbẹ̀ ni ó gbà wá lójú tì díẹ̀ lọ́dún náà. Ṣùgbọ́n òru ni omi sábà máa ń jí ènìyàn gbé, ènìyàn kò sì lè ṣàìsùn. Ẹ̀rọ ni ó lè sùn ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà lálẹ́ ọjọ́ kan, kí ó sì jí ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà.

Ṣùgbọ́n ohun gbogbo ní ìwọ̀n. Àṣejù ni baba àṣetẹ́, ìṣúnná pẹ̀lú sì ní àṣejù tirẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń jí lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ yóò pẹ́ láyé lóòótọ́, ṣùgbọ́n odò kékeré lè kún kí ó sì fà nígbà tí ó ṣì ń hanrun. Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ lọ wo ẹ̀rọ tí a fi ń wọn òjò. Lábẹ́ àrọ rẹ̀ ni ike kékeré olójú méjì wà. Bí omi bá ti kún ojú kan, tí ó bá ìwọ̀n 0.2 mílímítà òjò mu nínú irú èyí tí ó wọ́pọ̀, ike náà yóò yí, yóò da omi nù, ojú kejì yóò sì bọ́ sábẹ́ àrọ. Bí ó ti ń yí ni òòfà kékeré ara rẹ̀ ń jí ẹ̀rọ náà kí ó kọ wákàtí sílẹ̀. Bí òjò kò bá rọ̀ fún oṣù mẹ́ta, ẹ̀rọ náà lè sùn fún oṣù mẹ́ta. Òjò fúnra rẹ̀ ni ó ń kan ilẹ̀kùn. Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ẹ̀rọ odò náà rí: kí ó máa wò díẹ̀díẹ̀ nígbà tí omi bá wálẹ̀, kí ó sì máa wò léraléra nígbà tí omi bá ń gòkè.

Ọ̀rọ̀ sísọ ni ó sì ń jẹ bátìrì ju wíwò lọ. Ẹ̀rọ tí ń ránṣẹ́ bí tẹlifóònù alágbèéká lè nílò tó áḿpíà 2 fún ìṣẹ́jú akán nígbà tí ó bá ń sọ̀rọ̀, ìyẹn ni ìlọ́po 100 ohun tí ẹ̀rọ tiwa ń jẹ nígbà tí ó bá jí. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Kí ó kó ìròyìn ọjọ́ kan jọ, kí ó fi í ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n bí omi bá kọjá ibi tí a fi àmì sí, kí ó figbe ta lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ bátìrì tán. Nítorí ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń fi oúnjẹ pamọ́ fún un.

Ẹ̀kọ́ díẹ̀ kù nípa bátìrì fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe da tuntun pọ̀ mọ́ ògbólógbòó, nítorí pé èyí tí ó kú yóò ba èyí tí ó yè jẹ́. Ẹ má ṣe gbé àpótí rẹ̀ sójú oòrùn, nítorí pé ooru a máa mú kí bátìrì yára gbó. Ẹ dí ihò rẹ̀ dáadáa nítorí omi àti èèrà. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ fi bátìrì sí i sára rẹ̀. Bí ó bá sì kú, ẹ gbé e padà wá sílé, ẹ má ṣe jù ú sínú odò tí ẹ wá ṣọ́, nítorí pé májèlé wà nínú òmíràn.

Ní ọdún kejì, a tún gbé ẹ̀rọ náà padà. Mo fi ọwọ́ ara mi gé okùn iná pupa náà. Ọ̀rẹ́ mi ṣe ìṣirò rẹ̀ lójú àwọn ọmọ, wọ́n sì tún un ṣe títí ìdáhùn fi dọ́gba. Bátìrì kan ṣoṣo ni a lò láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò dé ìparí rẹ̀, ìsinmi gígùn pẹ̀lú. Nígbà tí a ṣí ìwé rẹ̀, a rí i pé ẹ̀ẹ̀méje ni omi kọjá ibi tí afárá wà tẹ́lẹ̀, márùn-ún nínú wọn ní òru, gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú wákàtí àti ìwọ̀n rẹ̀. A mú un lọ fún àwọn tí ó yẹ. Wọn kò ì tíì ṣe afárá náà, ṣùgbọ́n wọn kò tún bi àwọn ará abúlé pé báwo ni omi ti ń ga tó.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ọjọ́ bá dé tí ẹ ó gbé ẹ̀rọ lọ sí ibi tí ojú yín kò tó, ẹ má ṣe kọ́kọ́ béèrè bí bátìrì rẹ̀ ti tóbi tó. Ẹ béèrè iṣẹ́ tí ẹ rán an. Ẹ béèrè ohun tí ń jẹ oúnjẹ rẹ̀ láìṣiṣẹ́, kí ẹ sì gé e kúrò. Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣe ìṣirò oṣù tí ẹ kò ní sí níbẹ̀, nítorí pé oṣù náà gan-an ni omi lè yàn láti wá.